Yìnyín, omi, ooru: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nípa átọ́ọ̀mù àti ìwà rẹ̀

Lẹ́sìnnì ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ tó fẹ́ jókòó fún WAEC nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, físíìsì àti kẹ́mísìrì. Àwọn ọmọ ń béèrè, àwọn ìyá tó wá san owó lẹ́sìnnì náà ń béèrè tiwọn, ìbéèrè ìyá a sì máa le ju tọmọ lọ nígbà míì. Àwọn tí wọ́n ń bi mí léraléra ni mo kó jọ síbí. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí «èérún» nísàlẹ̀ yìí, átọ́ọ̀mù ni mò ń wí, ẹyọ tín-ín-tín tó ń para pọ̀ di gbogbo nǹkan, tàbí àwọn átọ́ọ̀mù díẹ̀ tó so mọ́ra tí wọ́n ń rìn bí ẹyọ kan, èyí tí à ń pè ní mólékù.

Báwo ni átọ́ọ̀mù ṣe kéré tó?

Ẹ ti ìka bọ omi, kí ẹ jẹ́ kó kán ẹ̀ẹ̀kan péré sílẹ̀. Ẹ wá kọ 17, kí ẹ to òdo 20 tẹ̀ lé e. Bí iye mólékù omi tó wà nínú ẹ̀kán yẹn ṣe pọ̀ tó nìyẹn, átọ́ọ̀mù mẹ́ta ló sì wà nínú mólékù kọ̀ọ̀kan: háídírójìn méjì, ọ́síjìn kan.

Ọmọ kan ní, «Tíṣà, ta ló jókòó kà á?» Kò sẹ́ni tó kà á. Ta ló ń ka gàrí ní hóró kọ̀ọ̀kan lọ́jà? Kóńgò la fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn onímọ̀ náà ní kóńgò tiwọn: omi tó wọn gíráàmù 18 ní mólékù 6.022 × 10²³ nínú. Ẹ̀kán kan sì jẹ́ bí ìdá kan nínú ogún gíráàmù. Ìyókù di ìṣirò.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti fojú rí i?

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1827, Robert Brown, ará Scotland tó mọ̀ nípa ewéko, ń fi máíkírósíkóòpù wo àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó jáde látinú lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ó kó wọn sínú omi. Ó rí i pé wọn ò yé ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá torí pé wọ́n ní ẹ̀mí ni. Ó gbìyànjú pẹ̀lú eruku òkúta, òun náà ń ta. Lọ́dún 1905 ni Albert Einstein ṣe ìṣirò tó yanjú rẹ̀: mólékù omi ló ń gbá èérún yẹn láti ọ̀tún, láti òsì, ìgbá náà kì í sì í dọ́gba. Jean Perrin wọ̀n ọ́n ní Faransé, ó sì bá ìṣirò mu. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà lọ́dún 1926. Lọ́dún 1981, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ṣe ẹ̀rọ kan nílùú Zurich tó ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ rìn lójú irin, tó sì ń mọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ èyí: eruku tí ẹ ń rí tó ń jó nínú ìtànṣán oòrùn tó wọ yàrá láàárọ̀ kì í ṣe èyí tí Brown rí. Atẹ́gùn inú yàrá ló ń gbé ìyẹn kiri. Èmi náà ti fi kọ́ ọmọ rí kí n tó mọ̀.

Átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ṣé líle ni àbí olómi?

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló bi mí, mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó dùn jù ú lọ. Kì í ṣe ọ̀kankan. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Líle àti ṣíṣàn, ìwà àgbájọ ni. Átọ́ọ̀mù irin kan kò le, mólékù omi kan kò tutù bẹ́ẹ̀ ni kò rin nǹkan.

Ẹ wo yìdí lọ́jọ́ Iléyá. Nígbà tí ìrun ń lọ, ẹsẹẹsẹ ni gbogbo èèyàn dúró, èjìká kan èjìká, oníkálùkù ń tẹ̀, ó ń dìde, àmọ́ kò kúrò lójú àyè rẹ̀. Ohun líle nìyẹn. Ìrun parí, gbogbo wọn ń rọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣì ń fara kanra, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ báyìí kọ́ ni yóò wà níbẹ̀ láìpẹ́. Omi nìyẹn. Tó bá tún ṣe díẹ̀, oníkálùkù ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ọ̀kan Sábó, ọ̀kan Tákìé, àlàfo gbàgede ló wà láàárín wọn. Gáàsì nìyẹn. Àwọn èèyàn kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tóbi sí i, kò sẹ́ni tó kéré sí i.

Ohun méjì ló ń pinnu èyí tí yóò jẹ́: bí àwọn èérún ṣe di ara wọn mú tó, àti bí wọ́n ṣe ń mì tó. Mímì yẹn gan-an là ń pè ní ìgbóná. Àwọn baba wa ti fún gbogbo rẹ̀ lórúkọ kí kẹ́mísìrì tó dé: omi a dì, òrí a yọ́, ọbẹ̀ a hó, aṣọ a gbẹ, ìrì a sẹ̀. Márùn-ún péré, èérún tó ń di ara wọn mú tàbí tó ń jù ara wọn sílẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ṣé àwọn èérún inú òkúta wá dúró jẹ́ẹ́ ni?

Rárá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbọ̀n lójú àyè rẹ̀, ní bíi tírílíọ̀nù mẹ́wàá ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ń mú un tutù, gbígbọ̀n náà ń dínkù, títí dé −273.15°C. Kò sí ìsàlẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Níbẹ̀ pàápàá, ó kù díẹ̀ tó ṣì ń mì.

Wọ́n ní èérún afẹ́fẹ́ ń sáré gan-an. Kí ló dé tí òórùn dòdò fi ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?

Òótọ́ ni pé ó ń sáré. Nínú yàrá tí a jókòó sí yìí, èérún afẹ́fẹ́ ń lọ ní bíi 500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́ jẹ́ kìlómítà 50 ó lé díẹ̀. Tí ọ̀nà bá dán fún un, tí kò bá kọ lu ẹnikẹ́ni, kò ní tó ìṣẹ́jú méjì kó tó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dán. Kó tó lọ jìnnà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sisanra irun orí, ó ti kọ lu òmíràn, ó ti yà sọ́tùn-ún, ó tún kọ lu òmíràn, ó padà sẹ́yìn. Bí ẹni tó ń sáré nínú ọjà lọ́jọ́ tó kún dẹ́nu ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àmọ́ kò dé ibì kankan. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ojú fèrèsé ni ó sábà ń gbé òórùn náà dé ọ̀dọ̀ yín.

Bí ẹ̀wà bá ti ń hó, ṣé kí n yí iná sókè kó lè tètè jinná?

Ẹ má ṣe é o, ẹ̀ ń fi gáàsì ṣòfò. Bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìgbóná rẹ̀ kò ní kọjá ibi tó dé mọ́. Létí òkun, 100°C ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ga ju etí òkun lọ ní mítà tó lé ní 300, afẹ́fẹ́ tó tẹ omi wa lórí fi díẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà bíi 99°C ni tiwa. Yálà iná kékeré ni tàbí iná ńlá, 99°C yẹn náà ni ẹ̀wà wà nínú rẹ̀.

Níbo wá ni iná tí ẹ fi kún un lọ? Ó lọ sínú ìjà. Èérún omi di ara wọn mú, kí ọ̀kan tó lè já kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba agbára. Láti mú kìlógíráàmù omi kan kúrò ní 25°C dé ibi tí yóò ti hó gba bíi 315 kìlójúùlù (òun la fi ń wọn agbára). Láti sọ kìlógíráàmù kan náà di ooru tán gba 2,260, ìyẹn bíi ìlọ́po méje. Nítorí náà iná ńlá kò sọ ẹ̀wà di jíjinná, ó kàn ń lé omi jáde ni, ẹ ó sì tún bu òmíràn sí i. Ẹ dé e, ẹ fi iná wẹ́rẹ́ sí i.

Ìdí kan náà ni ooru ìkòkò fi ń jóni ju omi gbígbóná lọ. Bó bá ti kan awọ ara, ó ń padà di omi, gbogbo agbára tó fi já kúrò níjọ́sí, ara yín ló ń jù ú sí.

Èéfín funfun tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tùlù, ṣé gáàsì nìyẹn?

Kì í ṣe òun. Ẹ wo ẹnu kẹ́tùlù dáadáa: àlàfo kékeré kan wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti ibi tí funfun ti bẹ̀rẹ̀, tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni omi ti jẹ́ gáàsì, ojú kò lè rí i. Funfun yẹn ti tún padà di omi, ẹ̀kán wẹ́wẹ́ ni, bíi kùrukùru.

Kí ló dé tí píọ̀ wọ́tà tútù fi ń làágùn? Ṣé ó ń jò ni?

Kò jò. Ìrì ló sẹ̀ sí i lára. Omi inú afẹ́fẹ́ ni.

Aṣọ mi kò hó, báwo ló ṣe gbẹ? Kí sì ló dé tó fi ń yá nígbà ọyẹ́ nígbà tí òtútù ń mú?

Nínú omi kan náà, àwọn èérún kò sáré dọ́gba. Àwọn kan ń rìn gbẹ̀rẹ̀, àwọn kan yá lẹ́sẹ̀ gan-an. Èyí tó bá yá lẹ́sẹ̀ tó sì wà lójú omi lè já lọ láìdúró de iná kankan. Bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń gbẹ. Ṣùgbọ́n omi inú afẹ́fẹ́ náà ń padà wá sára aṣọ. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ kún fún omi, iye tó ń lọ àti iye tó ń bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, aṣọ á wà lórí okùn fún ọjọ́ méjì títí yóò fi máa rùn. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, ó ti aṣálẹ̀ wá, èyí tó bá ti lọ kì í padà. Ètè wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Amù ìyá ìyá mi ni mo fi kọ́ èyí kí n tó wọ iléèwé gíga rárá. Ó wà nígun yàrá, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ sínú iyanrìn, ara rẹ̀ a máa rin ní gbogbo ìgbà torí pé amọ̀ tí wọn ò fi nǹkan kun a máa jẹ́ kí omi yọ́ jáde. Àwọn èérún tó yá lẹ́sẹ̀ ń ti ara ìkòkò náà lọ. Àwọn tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ ló kù sínú. Rírìn gbẹ̀rẹ̀ sì ni tútù. Ìdí nìyẹn tí omi amù fi ń mú eyín tani nígbà ọyẹ́, tó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà òjò. Ìyá àgbà rò pé amù náà ti gbó ni.

Kí ló dé tí yìnyín fi ń léfòó?

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni èérún rẹ̀ ń sún mọ́ra tó bá dì. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mólékù omi bá ń to ara wọn láti dì, ọ̀nà tí wọ́n fi ń di ara wọn lọ́wọ́ mú ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, ó máa ń gba àyè sí i ní bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tóbi sí i, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ló bá léfòó.

Mo gbé ìgò omi kan tó kún dẹ́nu sí fíríìsà lálẹ́ ọjọ́ kan, ìgò gíláàsì, mo dé e pinpin. Mo gbọ́kàn lé e pé iná máa lọ bó ṣe máa ń lọ. Iná ò lọ mọ́jú. Àfọ́kù ni mo bá, omi tó dì sì dúró láàárín rẹ̀ bí ìgò tuntun.

Ẹ̀kọ tútù ńkọ́? Omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dúró.

Ẹ̀kọ gan-an ló ń fi hàn pé «líle, olómi, gáàsì» tí a fi ń kọ́ ọmọ kò tó gbogbo ohun tó wà láyé. Nígbà tí ògì bá kọjá bíi 60°C sí 70°C lórí iná, àwọn hóró sítáàṣì inú rẹ̀ ń mu omi, wọ́n ń wú, wọ́n ń tú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ń ro ó máa ń mọ̀ lọ́wọ́ pé ó ti ń ki. Tí wọ́n bá dà á sínú ewé tó sì tutù, àwọn okùn yẹn á so kọ́ra bí àwọ̀n apẹja, omi á há sínú rẹ̀. Omi náà ṣì jẹ́ omi, kò dì. Àwọ̀n ló ń dúró, òun ló gbé omi dání. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta, ẹ ó rí i pé omi ti ń yọ lára rẹ̀: àwọ̀n náà ń fún ara rẹ̀ pọ̀, ó ń ti omi jáde. Jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Káńfọ̀ inú àpótí aṣọ, níbo ló ń lọ?

Inú afẹ́fẹ́ ló lọ, kò ya ibi omi rárá. Láti líle bọ́ sí gáàsì tààrà. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ lára aṣọ ni àwọn èérún rẹ̀ tó ti já lọ.

Iyọ̀ tó wọ inú ọbẹ̀, ṣé ó yọ́ ni?

Ó yòrò, kò yọ́. Yorùbá tiẹ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa. Kí iyọ̀ tó yọ́ fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé 801°C, kò sì sí ìkòkò ọbẹ̀ tó ń débẹ̀. Nínú omi, mólékù omi ló ń wá yí èérún iyọ̀ ká, wọ́n ń fà á kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e lọ.

Ṣé alágbẹ̀dẹ ń yọ́ irin ni?

Rírọ ló ń rọ irin, kì í yọ́ ọ. Irin kì í yọ́ àfi tó bá dé 1,538°C. Ohun tí iná ewìrì ń ṣe ni pé ó ń mú kí àwọn átọ́ọ̀mù gbọ̀n débi pé, tí òòlù bá sọ̀ kalẹ̀, ìpele kan lè yọ̀ lórí ìpele kejì. Wọ́n ṣì wà ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n kàn gbà kí a sún wọn ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń sáré lù ú nígbà tó pọ́n.

Ẹni tó ń yọ́ nǹkan ni ẹni tó ń da ìkòkò álúmíníọ́mù. Mo kó àwọn ọmọ lẹ́sìnnì lọ wò ó. Ihò nínú ilẹ̀, èédú, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, àti àgbá irin kan tí wọ́n kó àwókù ìkòkò àti eegun ẹ́ńjìnnì sí. Fún bí ogún ìṣẹ́jú kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ ti ń tẹ fóònù. Lójijì, igun ìkòkò àtijọ́ kan tẹ̀, ó rì, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀ di nǹkan kan tó ń dán bíi dígí. Ó ti dé 660°C nìyẹn. Ọkùnrin náà fi ṣíbí irin gígùn ha ìdọ̀tí ojú rẹ̀ kúrò, ó dà á sínú iyanrìn tó ti fi ìkòkò mìíràn tẹ̀ bí àmì, ó ní kí a sún sẹ́yìn. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi fọ iyanrìn náà, ìkòkò dúró síbẹ̀. Irin tó yọ́ náà ti wá ìrísí ohun tí wọ́n dà á sí, bí omi ṣe máa ń ṣe. Nítorí irin náà gba òtútù lára iyanrìn, ó rántí ìrísí yẹn títí ayé.

Mo mi sílíńdà, mo gbọ́ omi nínú rẹ̀. Ṣé wọ́n bu omi mọ́ gáàsì mi ni?

Wọn ò bu omi mọ́ ọn, Màmá. Gáàsì náà ló ń dún. Pírópéènì àti bútéènì ni, wọ́n fún un pọ̀ títí èérún rẹ̀ fi sún mọ́ra tó sì di olómi. Bí ẹ ṣe ń ṣí i ni èyí tó wà lójú rẹ̀ ń hó, láìsí iná. Pírópéènì ń hó ní −42°C, nítorí náà ìgbóná yàrá yín ti pọ̀ tó fún un. Ẹ fọwọ́ kan ara sílíńdà lẹ́yìn tí ẹ ti dáná fún wákàtí kan, ẹ ó rí i pé ó tutù, amù ìyá àgbà náà ni.

Ẹ̀kún líta kan tó jẹ́ olómi nínú rẹ̀ lè di gáàsì tó ju igba líta lọ. Ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọra tàn ká sí. Fúnra rẹ̀, kò ní òórùn. Òórùn burúkú yẹn, wọ́n fi sí i ni kí ẹ lè mọ̀ tó bá ń jò. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ má pa á, ẹ má fọwọ́ kan ṣúìṣì kankan.

Mọ̀nàmọ́ná ńkọ́? Èwo nìyẹn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Mi ò ní bá ará Ọ̀yọ́ jiyàn lórí Ṣàngó. Ohun tó wà ní ibi tí iná náà gbà kọjá ni mo lè sọ: kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́ta yẹn. Ó gbóná débi bíi 30,000°C, bí ojú oòrùn lọ́nà márùn-ún. Níbẹ̀, mímì kò tún jẹ́ ti átọ́ọ̀mù nìkan, átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ti ń fọ́, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ẹyọ tó kéré jù ú lọ tó wà nínú rẹ̀, ń já kúrò lára rẹ̀. Pílásímà lorúkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká ń wú lójijì, ohun tó fi ń sán nìyẹn. Oòrùn àti àwọn ìràwọ̀ náà pílásímà ni, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń tàn nínú gílóòbù ọ̀pá funfun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Lódì kejì, wọ́n ti mú átọ́ọ̀mù tutù débi pé gbogbo wọn ń hùwà bí ẹyọ kan. Einstein àti Satyendra Nath Bose, ará Íńdíà, ló ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ láàárín 1924 àti 1925. Ọdún 1995 ni wọ́n tó ṣe é ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú átọ́ọ̀mù rùbídíọ́ọ̀mù.

Òrí ń yọ́ lórí iná. Kí ló dé tí ẹyin fi ń le?

Ìyá kan tó ń ta ẹyin sísè ló bi mí, ẹnu mi sì wọhò fún ìṣẹ́jú kan. Òrí kò yí padà nígbà tó yọ́. Èérún rẹ̀ ń já ọwọ́ ara wọn sílẹ̀, wọ́n tún dì í mú nígbà tó tutù. Inú ẹyin yàtọ̀. Pùrótéènì ló wà nínú rẹ̀, okùn gígùn tí wọ́n ká pọ̀ bí òwú aláṣọ òkè tí wọ́n ká sí kẹ̀kẹ́. Ìgbóná ń tú àwọn òwú yẹn, gbogbo wọn sì ń lọ́ mọ́ra, okùn ẹni yìí wọ inú okùn ẹni tọ̀hún. Ó di àwọ̀n, bíi ti ẹ̀kọ. Òwú tó ti lọ́ mọ́ra báyẹn, ẹ gbé e sínú fíríìsà fún ọdún kan, kò ní ká padà sórí kẹ̀kẹ́.